Ẹ má tíì buwọ́ lu ìwé náà: ìgbà tó yẹ kí ẹni tó fara pa wá lọ́yà

Orí bẹ́ẹ̀dì ni àbúrò mi wà nígbà tí wọ́n gbé ìwé náà wá bá a. Ọjọ́ kẹrin rèé tí ọkọ̀ akẹ́rù ilé iṣẹ́ kan gbá a ní Ìyànà-Ìpájà, níbi tó dúró sí létí títì tó ń retí kórópe. Eegun ojúgun rẹ̀ ti kán, wọ́n ti fi POP dì í, abẹ́rẹ́ ìrora sì ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ lọ́wọ́. Ọkùnrin tó wá náà mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó kí i kú ewu, ó gbàdúrà fún un, ó gbé ọsàn àti búrẹ́dì kalẹ̀, ó wá fa àpòòwé yọ. ₦150,000 ló wà nínú rẹ̀. Ó ní ilé iṣẹ́ àwọn ló fi rán òun, pé kì í ṣe pé àwọn jẹ̀bi o, àánú rẹ̀ ló ṣe àwọn. Ó tẹ́ ìwé kan sórí Bíbélì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, ó ṣí bírò, ó sì fi ìka tọ́ka sí ibi tí àbúrò mi yóò buwọ́ lù.

Àbúrò mi buwọ́ lù ú. Káfíńtà ni. Ọjọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́, kò sówó, ìyàwó rẹ̀ sì ti yáwó san ohun tí ilé ìwòsàn kọ́kọ́ gbà. Nígbà tí mo débẹ̀ lálẹ́, mo ka ìwé náà. Gẹ̀ẹ́sì ni, ìlà mẹ́fà péré. Ohun tó wà ní ìlà karùn-ún ni pé ó ti gba owó yìí tán pátápátá, kò sì ní béèrè kọ́bọ̀ mìíràn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà tàbí dírẹ́bà wọn lórí ìfarapa náà títí láé. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, eegun kò so. Dókítà ní àfi kí wọ́n fi irin sí i. Iye tí wọ́n kà fún wa ju ìlọ́po mẹ́jọ owó inú àpòòwé yẹn lọ.

Èmi kì í ṣe lọ́yà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, mo ti bá ẹbí, ará àdúgbò àti ará ìjọ wa dé ọ́fíìsì lọ́yà àti tèṣọ́n ọlọ́pàá lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ti rí ibi tí ó ti ń bàjẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Òfin Nàìjíríà ni mò ń bá lọ níbí, Èkó ni mo sì mọ̀ jù. Kì í ṣe gbogbo ìfarapa ló nílò lọ́yà. Àmọ́ kò sí ìwé ìparí ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹni tó fara pa buwọ́ lù kí lọ́yà tirẹ̀, kì í ṣe ti ẹnìkejì, tó bá a kà á.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ara ná, ẹ̀rí tẹ̀lé e

Iṣẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sí lọ́yà tó lè bá yín ṣe é. Ẹ lọ sílé ìwòsàn, kódà bó bá ń ṣe yín bíi pé ẹ lè dìde kí ẹ máa rìn lọ. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì káàkiri Nàìjíríà, 767 ni ti Èkó, 122 ni ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC. Bí ilé ìwòsàn bá ní àwọn kò ní fọwọ́ kàn yín láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ mówó wá, ẹ rán wọn létí òfin ìlera ọdún 2014, abala ogún. Ó ní dókítà tàbí ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, nítorí ìdí yòówù. Owó ìtanràn ₦100,000 ni ìjìyà rẹ̀, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ eegun. Bí eegun bá ti kán, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun ni ọ̀pọ̀ ẹbí ń gbé aláìsàn gbà lọ tààrà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Bàbá kan ló to apá mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, apá náà sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n ìwé dókítà ni ilé ẹjọ́ àti ilé iṣẹ́ adójútòfò (insurance) ń béèrè. Bí kò bá sí X-ray tó fi hàn pé eegun náà kán ní ọ̀sẹ̀ tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, ẹnìkejì á ní ibòmíràn lẹ ti lọ ṣubú. Nítorí náà, ọ̀nà yòówù tí ẹ bá fẹ́ gbà wo ara, ẹ kọ́kọ́ ya X-ray, kí ẹ sì gba ìwé tí orúkọ dókítà, déètì àti ohun tó rí lára yín wà nínú rẹ̀. Bàbá tó ń to eegun náà, ẹ ní kó kọ risíìtì fún yín, ì báà jẹ́ orí ewé ìwé ọmọléèwé.

Bí ọwọ́ yín bá lè di fóònù mú, tàbí ẹnìkan wà pẹ̀lú yín, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ibi tó dúró sí kí wọ́n tó wọ́ ọ kúrò, àmì táyà lójú títì, bàtà yín tó já. Ẹ má fọ aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán. Ìyá tó ń sun àgbàdo létí títì wúlò ju èrò inú ọkọ̀ lọ, torí pé bí ẹ bá padà lọ lóṣù tó ń bọ̀, ẹ óò tún bá a níbẹ̀. Ẹ má pa àwọn fọ́tò náà rẹ́, ẹ má sì ta fóònù tí ẹ fi yà wọ́n: Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ní ìlànà tó gbọ́dọ̀ gbà kí ohun tó ti inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà jáde tó lè wọlé ní kóòtù, lọ́yà lè nílò fóònù náà gan-an.

Ìwé adójútòfò ọkọ̀ náà, ẹ yà á pẹ̀lú. Òfin ní kí gbogbo ọkọ̀ tó ń rìn lójú pópó ní èyí tí a ń pè ní third party. Kì í ṣe ọlọ́kọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, ẹni tí ọkọ̀ náà bá ṣe léṣe ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ₦15,000 lọ́dún ni ti ọkọ̀ àdáni. Ayédèrú rẹ̀ wà nígboro, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi nọ́ńbà ọkọ̀ wá a nínú NIID, àkójọ adójútòfò ọkọ̀ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ óò mọ̀ bóyá ojúlówó ni.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ọ̀rọ̀ tó ọlọ́pàá létí, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì padà lọ gba ìwé ìròyìn wọn. Ohun tí ẹ bá fẹnu ara yín sọ tí wọ́n kọ, ẹ kà á kí ẹ tó buwọ́ lù ú, tàbí kí ẹnìkan kà á fún yín. Ọlọ́pàá lè gbé dírẹ́bà lọ sílé ẹjọ́ fún wíwa ìwàkuwà. Owó gbà-má-bínú tiyín kì í ṣe iṣẹ́ wọn. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 pàápàá sọ pé wọn kò gbọdọ̀ tìtorí gbèsè tàbí ẹ̀tọ́ lásán láàárín èèyàn méjì mú ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó yanjú ẹ̀ ní tèṣọ́n, ẹ lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ má parí ohunkóhun níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ṣé ọ̀rọ̀ yìí tó ti lọ́yà?

Bí awọ bá bó, tí ẹsẹ̀ wú fún ọjọ́ díẹ̀, tí dókítà wò ó tó ní eegun kò kán, orí àti ọ̀pá ẹ̀yìn kò ní nǹkan kan, tí ẹ ti padà síbi iṣẹ́, tí ẹni tó ṣe yín léṣe gbà pé òun ló ṣe é tó sì fẹ́ san owó oògùn, ẹ lè fúnra yín parí rẹ̀. Owó lọ́yà lè ju ohun tí ẹ ń wá lọ. Ẹ to risíìtì jọ, ẹ ṣírò owó ọkọ̀ àti owó ọjọ́ tí ẹ kò fi ṣiṣẹ́, ẹ kọ lẹ́tà ṣókí. Bí kò bá fẹ́ dáhùn, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó ń bá èèyàn làjà lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé ẹjọ́ Small Claims tí gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá èyí mu ní tirẹ̀. Gbèsè tí iye rẹ̀ ti dájú ló wà fún.

Kódà nínú irú ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá gbowó, ohun tí owó náà wà fún ni kí ẹ kọ: "owó oògùn àti owó ọkọ̀ títí di òní." Ẹ má kọ "gbogbo rẹ̀ ti parí".

Àwọn nǹkan tí mò ń bọ̀ wá sọ yìí, bí ọ̀kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀, ẹ wá lọ́yà lọ́sẹ̀ yẹn.

Àkọ́kọ́ ni ìfarapa tí òpin rẹ̀ kò tíì hàn. Eegun tó kán, orí tó gbá nǹkan tí ẹ sì dákú bó ti wù kó kéré mọ, ẹ̀yìn tàbí ọrùn tó ń dùn yín wọ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀, ojú, iṣẹ́ abẹ, iná tó jó ara, àbí ohunkóhun tó gbà yín kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Kò sẹ́ni tó lè sọ iye tí irú ìfarapa bẹ́ẹ̀ tó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ bi dókítà léèrè pé, "Ìgbà wo lẹ máa lè sọ ibi tí ara mi máa dúró sí?" Títí di ìgbà yẹn, iye yòówù tí ẹnikẹ́ni bá fi lọ̀ yín, ó ń dá a lába ni, èrè ara tirẹ̀ ló sì ń wá.

Èkejì ni ìwé. Ìwé tó bá ní ọ̀rọ̀ ìparí, ìdáríjì tàbí "mi ò ní béèrè mọ́" nínú, lọ́yà ni kó kọ́kọ́ kà á. Bí ẹni tó gbé e wá bá ní àfi kí ẹ buwọ́ lù ú lónìí, ìyẹn gan-an ni ìdí láti má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ ṣé gan-an, ẹ fi ìwé náà sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi máa bá mi kà á." Ẹ lè gba owó oògùn lọ́wọ́ wọn láìbuwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ sì lè rọra kọ ọ́ sínú risíìtì bí mo ṣe sọ lókè.

Bí ẹ bá ti buwọ́ lù ú ńkọ́? Ẹ ṣì lọ rí lọ́yà. Nínú ọ̀rọ̀ ti àbúrò mi, lọ́yà kọ̀wé sí wọn pé ẹni tí oògùn ìrora wà lára rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó gbà á nímọ̀ràn, tí Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ mọ́ lẹ́nu, ni wọ́n fún ní bírò. Ó tó lẹ́tà mẹ́ta. Níkẹyìn, wọ́n san owó iṣẹ́ abẹ. Oṣù mọ́kànlá tí kò fi lè dúró nídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, wọn kò san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, lọ́yà náà sì sọ fún wa láìfi bò pé ìwé yẹn ló dí ọ̀nà.

Ẹ̀kẹta: wọ́n ní ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, tàbí ẹ mọ̀ pé apá kan ẹ̀bi wà lọ́rùn yín. Bóyá abẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ lẹ ti sá kọjá títì, bóyá ẹ kò dé akoto lórí ọ̀kadà. Ní Èkó, ìyẹn kì í pa ẹjọ́ yín. Adájọ́ lè pín ẹ̀bi náà, kó dín owó yín kù ní ìwọ̀n tó bá tó ti yín. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ìdá mẹ́rin ẹ̀bi àti ìdajì rẹ̀, ibẹ̀ sì ni lọ́yà ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin: ẹni tí ẹ ń bá wí jẹ́ ìjọba, tàbí ilé iṣẹ́ ńlá, tàbí wọ́n pọ̀. Dírẹ́bà ní ọ̀gá òun ni, ọ̀gá ní mo ti ta ọkọ̀ náà, ẹni tó rà á ní adójútòfò ni kí ẹ lọ bá. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gbọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ọmọdé ló fara pa, tàbí ẹ̀mí lọ sí i. Bí ẹnìkan bá kú, ìyàwó tàbí ọkọ, ọmọ àti òbí rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin láti béèrè fún ohun tí wọ́n pàdánù. Nínú ọ̀fọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní agbára láti ronú èyí, torí náà kí àgbà kan nínú ẹbí gba ìyẹn rù lọ́rùn wọn.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà ilé máa sọ: a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá tèmi. Ṣùgbọ́n lọ́yà yàtọ̀ sí kóòtù. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí mo bá èèyàn gbé dé ọ́fíìsì lọ́yà, lẹ́tà àti ìjókòó ló parí rẹ̀. Àwọn kan a sì ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ dírẹ́bà tó wakọ̀ láìní bíréèkì, ẹnìkan ló fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka ọjọ́

Ibí ni ẹ̀tọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ti sọnù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rẹ́ wọn jẹ.

Ti ìjọba ló yára jù. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà lẹ́nu iṣẹ́, tàbí ọkọ̀ àjọ ìjọba kan, bá ṣe yín léṣe, òfin tí wọ́n ń pè ní Public Officers Protection Act fún yín ní oṣù mẹ́ta péré láti pe ẹjọ́. Ẹsẹ̀ tó kán lè má tíì so nígbà náà. Yàtọ̀ sí èyí, ìjọba ìbílẹ̀ àti ọ̀pọ̀ àjọ ìjọba gbọ́dọ̀ ti gba lẹ́tà, kí oṣù kan sì kọjá lórí rẹ̀, kí ẹjọ́ tó lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí ọkọ̀ akólẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ bá gbá yín ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù March, ìparí oṣù May ni oṣù mẹ́ta pé. Lẹ́tà oṣù kan náà gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn kí oṣù April tó parí. Oṣù méjì pọ́ngó lẹ ní láti jáde nílé ìwòsàn, wá lọ́yà, kó gba ìwé dókítà, kó sì kọ lẹ́tà.

Bó bá jẹ́ aládàáni tàbí ilé iṣẹ́ aládàáni, ọdún mẹ́ta ni òfin Èkó fún ẹjọ́ ìfarapa. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, ẹ béèrè ti ibi tí ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ti ibi tí ẹ ń gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí: bí ẹ ti ń bá wọn jókòó, tí wọ́n ń ní "ẹ máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀", ọjọ́ ò dúró. Ìdúnàádúrà kì í dá aago òfin dúró. Mo mọ obìnrin kan tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn fà títí ọdún mẹ́ta fi kọjá, láti ọjọ́ náà wọn kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́.

Lórí ọ̀rọ̀ adójútòfò ọkọ̀, kínní kékeré kan tún wà tó lè ba iṣẹ́ ńlá jẹ́. Ilé iṣẹ́ adójútòfò gbọ́dọ̀ ti gbọ́ pé ẹ pe ẹjọ́, yálà ṣáájú tàbí kété lẹ́yìn tí ẹ pè é. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n lè ní àwọn kò ní san ohun tí adájọ́ bá dá. Lọ́yà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ìyẹn ṣẹlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ lẹ ti fara pa

Ọ̀nà ti èyí yàtọ̀. Òfin tí a ń pè ní Employees' Compensation Act, ti ọdún 2010, ló ń darí rẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní NSITF ló sì ń san owó. Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ló ń dá owó náà, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ wọn, wọn kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Ẹ kò ní láti fi hàn pé ọ̀gá yín jẹ̀bi kí wọ́n tó san fún yín.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò wa ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá. Ẹ̀rọ gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ nígbà tó ń fa ọ̀rá tó há sẹ́nu rẹ̀ jáde. Wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn kékeré kan, wọ́n rán an, wọ́n fún un ní ₦60,000, wọ́n ní kásúà ni, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Ó gbà wọ́n gbọ́. Nígbà tó fi ọwọ́ náà hàn mí, tó tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀ bíi pé ti ẹlòmíràn ni, oṣù mẹ́wàá ti kọjá. Òfin náà kò yọ kásúà sílẹ̀ o. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ojúmọ́, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ẹni tó wà fún ìgbà díẹ̀, gbogbo wọn ló kà sí òṣìṣẹ́. Àti pé bí òṣìṣẹ́ bá bá ọ̀gá rẹ̀ ṣe àdéhùn pé òun fi ẹ̀tọ́ òun sílẹ̀, òfo ni irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lójú òfin náà.

Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí ẹ fi tó ọ̀gá tàbí súpáfáísọ̀ létí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì pa ẹ̀dà kan mọ́. Bó bá jẹ́ WhatsApp, ẹ má pa á rẹ́. Ọ̀gá náà ní ọjọ́ méje láti fi tó NSITF létí. Ìwé tí ẹ fi ń béèrè owó gbọ́dọ̀ wọlé láàárín ọdún kan. Ìdí rèé tí oṣù mẹ́wàá yẹn fi já mi láyà. Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ìjàǹbá tó bá yín lójú ọ̀nà láti ilé lọ síbi iṣẹ́, tàbí láti ibi iṣẹ́ bọ̀ wálé, wà lábẹ́ òfin yìí.

Bí ọ̀gá bá ti fi tó wọn létí, tí ìwé ń lọ geere, ẹ lè má nílò lọ́yà. Ẹ wá a bí ọ̀gá bá kọ̀ láti kọ̀wé, bí ilé iṣẹ́ náà kò bá san owó fún NSITF rí, bí wọ́n bá dá yín dúró lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ẹ béèrè, tàbí bí ẹlòmíràn tí kì í ṣe ọ̀gá yín bá wà nídìí ìjàǹbá náà. Ẹ wá a pẹ̀lú kí ẹ tó yàn láàárín owó NSITF àti pípe ọ̀gá lẹ́jọ́ fún àìbìkítà, torí ẹ kò lè jẹ méjèèjì pọ̀ lórí ìfarapa kan náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: lọ́yà wo, èló sì ni?

Ẹni tó bá wá bá yín ní wọ́ọ̀dù, tó ní lọ́yà lòun àbí lọ́yà kan ló rán òun, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì jẹ́ kó máa lọ. Òfin ìwà àwọn lọ́yà Nàìjíríà kà á léèwọ̀ fún wọn láti máa wá àwọn tó fara pa kiri. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí, tàbí kí ẹ lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀ka ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, NBA, tó súnmọ́ yín. Orúkọ gbogbo lọ́yà wà nínú ìwé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, òǹtẹ̀ NBA sì máa ń wà lórí ìwé tí wọ́n bá kọ. Lọ́yà tó ń ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lè jẹ́ èèyàn rere, àmọ́ ẹ bi í pé, "Ọ̀rọ̀ ìfarapa mélòó lẹ ti ṣe? Ibo ni wọ́n parí sí?"

Bí owó tó ń wọlé fún yín kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí, tó di ₦70,000 lọ́dún 2024, Legal Aid Council, àjọ tó ń fún èèyàn ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́, wà fún yín. Ìjọba àpapọ̀ ló ní i, ẹ̀ka rẹ̀ wà ní àwọn ìpínlẹ̀, ọ̀rọ̀ ìjàǹbá àti ti òṣìṣẹ́ tó fara pa sì wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe. Èkó tún ní irú àjọ bẹ́ẹ̀ tirẹ̀, Office of the Public Defender. Ìlà máa ń wà níbẹ̀, torí náà ẹ tètè lọ.

Bó bá jẹ́ lọ́yà aládàáni, òfin gbà kí ẹ jọ ṣe àdéhùn pé nínú owó tí ẹ bá rí gbà ni yóò ti mú tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, kó fún yín láǹfààní láti yan sísan owó iṣẹ́ lásán dípò rẹ̀. Ìbéèrè tí ẹ má gbàgbé ni pé: ṣé kí a tó yọ owó ìnáwó ni ẹ máa mú ìpín yín, àbí lẹ́yìn tí a bá yọ ọ́? Ẹ wò ó. Ká ní ₦2,000,000 ni wọ́n san, ìnáwó kóòtù àti ti dókítà jẹ́ ₦300,000, ìpín lọ́yà sì jẹ́ ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá kọ́kọ́ mú tirẹ̀, ₦400,000 ni, ₦1,300,000 ló kù fún yín. Bí ẹ bá kọ́kọ́ yọ ìnáwó, tirẹ̀ di ₦340,000, tiyín sì di ₦1,360,000. ₦60,000 yẹn tó owó oògùn oṣù kan fún ẹlòmíràn.

Ẹ tún béèrè ẹni tó máa san owó ìforúkọsílẹ̀ ẹjọ́, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí owó yẹn bí ẹ bá pàdánù. Lọ́yà lè bá yín san án ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa dá a padà. Ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé tí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù. Ẹ ní kó kọ ọ́ lédè tí ẹ gbọ́. Lọ́yà tó bá bínú sí ìyẹn, ẹ wá òmíràn.

Ohun tí ẹ máa kó lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́

Ẹ ra fáìlì tó ní bọ́tìnnì, ẹ má lo ọ̀rá. Nínú ọ̀rá ni ti àbúrò mi wà. Nígbà tí a máa fi tú u, òógùn ti pa inki ojú risíìtì mẹ́rin rẹ́, mẹ́rin yẹn kò sì wọ ìṣirò. Owó tí ẹ bá ní ẹ ná, kóòtù ní kí ẹ fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó ìrora ni adájọ́ ń fi òye ara rẹ̀ wọ̀n. Torí náà, ẹ ya fọ́tò risíìtì kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí ẹ gbà á.

Ẹ kó X-ray, ìwé dókítà, ìwé ìròyìn ọlọ́pàá, nọ́ńbà àwọn ẹlẹ́rìí, àti ohun tó ń fi iye tí ẹ ń pa lóṣù hàn. Oníṣẹ́ ọwọ́ lè mú ìwé tó ń kọ iṣẹ́ oníbàárà sí wá, tàbí àkọsílẹ̀ báńkì. Ẹ mú ìwé kékeré kan tí ẹ ti ń kọ bí ara ṣe ń ṣe yín lójoojúmọ́: òru tí ẹ kò lè sùn, ọjọ́ tí ọmọ yín ní láti gbé yín dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, èyí tí kò dára fún yín gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Bí ẹ bá ti mu ọtí díẹ̀, bí ẹsẹ̀ yẹn ti ń dùn yín kí ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀, bí ẹ bá ti gba owó kan. Ẹnìkejì máa rí i. Lọ́yà tó ti mọ̀ ọ́n ṣáájú lè múra sílẹ̀ dè é.

Bí wọ́n bá sì ti gbé ìwé kan wá kí ẹ buwọ́ lù, ẹ fi í sí iwájú gbogbo ìwé inú fáìlì náà, kó jẹ́ òun ni lọ́yà máa kọ́kọ́ rí, kí ìlà ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lófìfo.